Ẹ Jẹ́ Kí Ọtí Dúró Dè Wá ní Èbúté

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́ takuntakun. Láti ìgbà tí ẹ ti gbé lẹ́tà òǹkàwé méjì jáde lórí ọ̀rọ̀ ìgbafẹ́ ojú omi ní agbègbè Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa, tí ẹni àkọ́kọ́ ní kí ìjọba fòfin de gbogbo ọkọ̀ tí ń gbé àwọn onífàájì káàkiri orí ọ̀sà, tí ẹnì kejì sì fèsì pé ìlara ni kò jẹ́ kí àwọn àgbà fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kí ó jayé orí rẹ̀, ni mo ti ń rò ó pé ó yẹ kí èmi náà dá sí i, nítorí pé mo ti bá àwọn onífàájì lọ rí, mo sì bá wọn mu ọtí. N kò fara mọ́ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ wí, n kò sì gbà pé ìlara ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: kí á lọ, kí á lúwẹ̀ẹ́, kí á jẹ, kí á sì mu, ṣùgbọ́n kí ọtí má bá wa wọ ọkọ̀. Kí ó dúró dè wá ní èbúté títí a ó fi padà dé.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin tí ó ń gbé ní Párìsì ni ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó wálé ní ìparí oṣù kẹwàá, ó sì ń ròyìn fún wa bí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe lọ sí orílẹ̀-èdè Croatia, níbi tí erékùṣù àti àpáta inú òkun ti lé ní 1,000. Ó ní ọkọ̀ á gbé wọn láàárọ̀, á máa ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn, á sì dúró níbi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀ tí ìgbì kò sí. Ọ̀gá ọkọ̀ á ju ìdákọ̀ró sílẹ̀, á sọ àkàbà irin kalẹ̀ ní ẹ̀yìn ọkọ̀, àwọn èrò á sì máa bẹ́ sómi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá jáde tán, á kà wọ́n kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹja yíyan ń bẹ, ọtí wáìnì ń bẹ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì ń padà. Ó wá bi wá pé, ẹ̀yin tí ọ̀sà wà ní ẹ̀yìnkùlé yín, ìgbà wo ni ẹ wọ ọkọ̀ kẹ́yìn? Ojú tì mí díẹ̀. Mo ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ní Àjàṣẹ́, ṣùgbọ́n láti orí afárá, nínú mọ́tò tí ń lọ sí Kùtọnu, ni mo ti ń wo ọ̀sà náà láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Bí a ṣe kó ara wa jọ nìyẹn ní ọjọ́ Sátidé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ènìyàn mẹ́rìnlá, a sì gba ọkọ̀ onígi gígùn kan tí wọ́n fi tàpólì bò lórí, tí ó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Bàbá kan tí ó gbọ́ Yorùbá bí ó ti gbọ́ Ègùn ni ó ń tù ú, pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tí ó mú ọ̀pá dání ní iwájú. Aago méje ni a ṣí. Ètò wa ni pé kí á kọ́kọ́ dé àwọn ìletò Aguégués, kí á gba ojú omi Totchè bọ́ sí adágún Nokoué, kí á jẹun ọ̀sán ní Ganvié, ìlú orí omi, kí á sì padà kí oòrùn tó wọ̀.

Olóòtú, bí wọ́n bá bi mí léèrè ohun tí ó dùn jù nínú ọjọ́ náà, wákàtí méjì àkọ́kọ́ ni n ó mú. Ìkùukùu ṣì wà lójú omi nígbà tí a kúrò ní èbúté, tí a kò rí ẹni tí ń bọ̀ níwájú wa àfi ìgbà tí a bá gbọ́ ìró àjẹ̀ rẹ̀. Àwọn obìnrin tí ń gbé ẹja lọ sí ọjà Àjàṣẹ́ kọjá lára wa, agbọ̀n wọn kún dé ẹnu, wọ́n ń kí wa láìdá àjẹ̀ dúró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, mo rí ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún méje lọ tí ó ń dá tu ọkọ̀ tirẹ̀. Àbúrò rẹ̀ jókòó sí iwájú, ó ń fi agolo tòmátì gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ náà, kò sì gbójú sókè wò wá rárá, nítorí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi odò Ouémé, tí ń ti àríwá bọ̀ fún nǹkan bí 500 kìlómítà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò tíì fà tán lẹ́yìn òjò, ó sì ga dé ìsàlẹ̀ ẹnu ọ̀nà àwọn ilé orí òpó ní Aguégués. Ewúrẹ́ kan dúró lórí pákó pẹrẹsẹ níta ilé, ó ń wo omi bí ẹni tí ń dúró de ọkọ̀. Ọmọ àbúrò mi ni ó sọ fún wa níbẹ̀ pé láti ọdún 2000 ni wọ́n ti kọ orúkọ ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué sínú ìwé àwọn ilẹ̀ olómi tí ó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé, lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n ń pè ní Ramsar. Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, ẹnu ọmọ tí ó ti Párìsì wá ni mo ti gbọ́ ọ.

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí wọ́n fi ṣí àpótí oníyìnyín. N kò fẹ́ purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: owó tí a ná lórí ọtí ju owó tí a fi gba ọkọ̀ lọ, mo sì dá tèmi síbẹ̀. Bíà wà níbẹ̀, ẹmu wà níbẹ̀, ẹnì kan sì tún gbé sodabi, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu pọn, wá láti Adjarra nínú ìgò omi tí a ti lò, èyí tí ojú kò lè fi mọ̀ yàtọ̀ sí omi àfi tí ó bá dé ọ̀fun. Bàbá atukọ̀ kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ọ̀gá, iṣẹ́ ni mo ń ṣe." A kò gbà fún un. A ní kò dára kí ènìyàn mẹ́rìnlá máa mu kí ẹnì kan máa wò wọ́n, pé díẹ̀ kì í pani, pé kí ó má sọ wá di ahun lójú ara wa. Èmi gan-an ni mo na ife àkọ́kọ́ sí i. Ó gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, nítorí pé mo dàgbà jù ú lọ, kò sì rọrùn fún ọmọlúàbí láti kọ ohun tí àgbàlagbà fi lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí mo délé ni mo tó mọ̀ pé ọ̀wọ̀ tí ó fún mi ni mo fi mú un.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ sọ ohun kan tí àwọn tí ń polówó ìrìn àjò báyìí kì í sọ. Bíà kì í pẹ́ nínú ara, ọkọ̀ wa kò sì ní ilé ìyàgbẹ́. Àwọn ọkùnrin rí ọ̀nà tiwọn gbà ní ẹ̀yìn ọkọ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí ó wà láàárín wa fi wákàtí kan ààbọ̀ pa ara wọn mọ́ra títí a fi rí ilé kan tí wọ́n gbà kí wọ́n gòkè sí, ìyàwó mi kò sì tíì dárí jì mí lórí rẹ̀ títí di òní.

Nígbà tí a bọ́ sí adágún Nokoué, oòrùn ti mú, àwọn ọ̀dọ́ sì ní àsìkò ìlúwẹ̀ẹ́ ti tó. Ẹni tí kò bá tíì dé ibẹ̀ lè rò pé omi tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ á jìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibi púpọ̀ wà nínú adágún náà tí kò jìn tó mítà méjì, ẹrẹ̀ ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, àwọn apẹja sì ti fi akaja kún un káàkiri. Akaja ni ọgbà tí wọ́n ń fi ẹ̀ka igi ṣe: wọ́n á ri àwọn ẹ̀ka náà mọ́ ẹrẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún, ẹja á wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, lẹ́yìn oṣù mélòó kan olówó ọgbà á fi àwọ̀n yí i ká, á sì kó o. Orí díẹ̀ nínú àwọn igi náà máa ń yọ lójú omi, èyí tí ó pọ̀ jù kì í yọ. Ọmọ iṣẹ́ ki ọ̀pá bọ omi, ó ní kì í ṣe ibí, kí á sún síwájú díẹ̀. Àwọn tiwa ti bọ́ ẹ̀wù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni ó kọ́kọ́ bẹ́. Ó ti mu ìgò bíà mẹ́ta àti ife sodabi kan. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run pé ẹsẹ̀ ni ó fi bẹ́, kì í ṣe orí, nítorí pé ẹrẹ̀ gbà á dé orúnkún, igi kan sì fa ojúgun rẹ̀ ya. Kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ẹ̀rín ni ó ń rín. Ó lúwẹ̀ẹ́ yí ọkọ̀ ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú láti gòkè, kò lè gòkè. Ó tún gbìyànjú, apá rẹ̀ ti rọ. Ọkọ̀ tiwa kò ní àkàbà bíi ti Croatia. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sá sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó wà láti fà á, bí ọkọ̀ ṣe tẹ̀ nìyẹn tí omi fi ń dà wọlé lé ẹsẹ̀ wa, tí àpò ìyàwó ẹnì kan ń léfòó láàárín ìjókòó. Bàbá atukọ̀ kígbe, "Ẹ jókòó! Ẹ jókòó!" Ó tún fi Ègùn sọ ọ́. Ó fi gbogbo ara tẹ ẹ̀gbẹ́ kejì títí ọkọ̀ fi dọ́gba, ó wá ní kí ọmọ náà fọwọ́ gbá ọkọ̀ mú lọ sí iwájú pátápátá, kí ó sì gba ibẹ̀ gòkè, nítorí pé ẹni tí ó bá gba iwájú ọkọ̀ gòkè kì í lè dà á nù bí ẹni tí ó gba ẹ̀gbẹ́. Kò pẹ́ púpọ̀, bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀wù tí ń múni léfòó, èyí tí àwọn ará ilé wa ń pè ní jilé, mẹ́wàá péré ni ó wà nínú ọkọ̀ náà fún ènìyàn mẹ́rìndínlógún, gbogbo rẹ̀ ni àwọn obìnrin sì fi ṣe tìmùtìmù, nítorí pé pákó le.

Àwọn kan lè sọ pé ọmọ náà mọ̀wẹ̀, kò lè sí ewu. Ó mọ̀wẹ̀ lóòótọ́, láti kékeré. Àwọn àgbà ni wọ́n sì sọ pé òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kì í bẹ́ sí adágún láàárín akaja. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, tí ọtí sì ti sọ fún un pé agbára rẹ̀ kò lópin, ni ó ń bẹ́. Ọtí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ dúró ire, kì í jẹ́ kí ara tètè sọ pé ó ti rẹ òun, kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí omi bá wọ imú rẹ̀ lójijì ṣe ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Oòrùn ọ̀sán tún ń gbẹ omi ara láti òkè, bíà ń gbẹ ẹ́ láti inú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka ọtí mọ́ àwọn ohun tí ń mú kí omi gbé ènìyàn lọ, ó sì ní àwọn tí omi pa káàkiri ayé ní ọdún 2021 nìkan tó 300,000, tí èyí tí ó ju mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá wọn kú ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ tó, bíi tiwa. Nígbà tí mo ka èyí lẹ́yìn tí a délé, mo rántí ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn, n kò sì lè sùn dáadáa.

A ṣì lọ sí Ganvié. Gbogbo ènìyàn mọ ìtàn ibẹ̀: àwọn Tofinu tí wọ́n sá fún àwọn tí ń kó ẹrú fún ọba Dahomey ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sórí omi, níbi tí àwọn jagunjagun kò ní lè tẹ̀lé wọn dé. Ó dùn mí pé irú ilé báyìí ni àwa lọ hùwà bí a ti hù. Àwọn ènìyàn wa ń fi ìgò na ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí ìlù, wọ́n ń ké pe obìnrin kan tí ń ta ẹ̀fọ́ nínú ọkọ̀ rẹ̀ pé kí ó wo ibí kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Obìnrin náà fa akẹtẹ̀ rẹ̀ bojú, ó tukọ̀ lọ láìfọhùn. Ẹnì kan tún fẹ́ bẹ́ sómi lẹ́bàá ilé onílé. Níbẹ̀ ni mo ti fi ohùn olùkọ́ sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Omi abẹ́ ilé wọn ni wọ́n ti ń fọ abọ́, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń bọ́ sí, ìgbín omi tí ń gbé kòkòrò àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ kiri sì wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí àìsàn, àgbàlá ni fún àwọn tí ó ni ín. Tí àlejò kan bá bọ́ra sí ìhòòhò ní àgbàlá wa ní Àjàṣẹ́, tí ó ń kígbe, tí ó ń mu ọtí, ṣé fàájì ni a máa pè é? Ẹja díndín àti àkàsà tí wọ́n gbé wá fún wa ní Ganvié dára púpọ̀, ata rẹ̀ ta dé ibi tí ó yẹ, ṣùgbọ́n ìdajì nínú wa ni ó jẹ ẹ́. Ìdajì yòókù ti sùn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí ó sọ fún gbogbo ayé lórí Facebook pé òun lọ sí Ganvié, kò rí ọjà orí omi náà fún ìṣẹ́jú kan. Abẹ́ tàpólì ni ó wà, ó ń hanrun.

Ní ọ̀sán, atẹ́gùn a máa ti òkun wá sórí adágún náà, ìgbì kéékèèké á sì dìde. Àárọ̀ ni a bá bàbá atukọ̀ pẹ̀lú ojú tí ó dá, tí ó ń yẹ gbogbo ohun tí ó wà lójú omi. Nígbà tí a ń padà, ife mẹ́rin ti wà nínú rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ lọ tààrà sínú ewéko olódòdó elése-àlùkò tí ń léfòó lójú omi lákòókò òjò. Ewéko náà wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, tí kò fi ẹnu kan ọtí, ni ó dojú bolẹ̀ ní ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó ń fi ọ̀bẹ gé e díẹ̀díẹ̀, ìgbì sì ń gbá wa káàkiri. Ilẹ̀ ti ṣú kí á tó rí iná èbúté.

N kò dá bàbá náà lẹ́bi, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé àwa ni a gbé ife fún un. Ohun tí ó yí ọjọ́ náà padà ni ìgbà tí ọtí wọlé. Tí ó bá jẹ́ pé àárọ̀, nígbà tí ara le, ni a lúwẹ̀ẹ́, ní ibi tí ọmọ iṣẹ́ bá ti fi ọ̀pá wádìí pé igi kò sí, kì í ṣe ní Totchè níbi tí omi ti ń sáré lẹ́yìn òjò, kì í sì í ṣe lẹ́bàá ilé onílé. Tí a bá jẹun, tí a bá mu omi àti ọsàn. Tí a bá sì fi ọtí sílẹ̀ de ìrọ̀lẹ́, kí ni a ì bá pàdánù nínú fàájì? Àwọn ọ̀dọ́ ilé mi ní ọkọ̀ láìsí ọtí dà bí ìgbéyàwó láìsí ìlù. Mo dá wọn lóhùn pé ìgbéyàwó pàápàá, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti so yìgì ni ìlù ń dún.

Àwọn tí wọ́n ní kí a fòfin dè é, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n rò ó wò. Owó ọkọ̀ tí a san wọ ilé apẹja kan ní oṣù tí ẹja kò pọ̀, owó oúnjẹ wọ ilé obìnrin kan ní Ganvié, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ omi tí ó yí ìlú wọn ká ju bí èmi ti mọ̀ ọ́n lọ. Lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀, àkàbà okùn kan kò wọ́n; okùn àti igi mẹ́rin ni. Kí jilé pé iye ènìyàn, kí ó sì wà lára, kí àwọn èrò gbé ìrọ̀rí tiwọn wá láti ilé. Kí a máa ka orí kí ọkọ̀ tó ṣí níbikíbi tí a bá ti sọ̀ kalẹ̀. Kí ọlọ́kọ̀ sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún àgbàlagbà bíi tèmi pé rárá, kí a má sì ka èyí sí àfojúdi. Kódà ní odò dúdú ti Adjarra, níbi tí wọ́n ti ń fi àjẹ̀ tu ọkọ̀ lábẹ́ àwọn igi ògùrọ̀ títí dé ibi tí wọ́n ti ń pọn sodabi, ẹni tí ó bá tọ́ ọ wò lè ra ìgò kan, kí ó sì gbé e délé láìṣí i.

A tún máa lọ ní oṣù kìíní, tí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ̀ẹ̀rùn ni yóò jẹ́, omi odò á ti fà, iyọ̀ òkun tí ń gba ẹnu omi tí àwọn Faransé là ní Kùtọnu ní ọdún 1885 wọlé á sì ti máa pa ewéko yẹn. Mo ti bá ìyá tí ń din ẹja ní èbúté sọ̀rọ̀ pé a ó fi àpótí oníyìnyín wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀, a ó sì gbà á nírọ̀lẹ́. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó bi mí pé ta ni yóò máa ra yìnyín sí i kí ó má baà yọ́ kí a tó dé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí àpá ojúgun rẹ̀ ti jinná báyìí, ni ilé fẹnu kò sí pé yóò san án.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìntì,
Àjàṣẹ́, Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀.